Ogún Tí Ẹnikẹ́ni Kò Kà

20.

…bẹ́ẹ̀ ni ìyá àgbà rẹ̀ máa ń parí ọ̀rọ̀: *bí irọ́ bá sáré fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò fi bá a.* Ó máa ń sọ ọ́ bí ẹni ń di ẹrù. Á fà á le, á so ó, ó parí. Lẹ́yìn náà ni yóò fi aago kọ́ àyà ọmọ-ọmọ rẹ̀, yóò ní, "Máa lọ. Ọlọ́run á ṣí ọ lójú."

Aago náà ni wọ́n fi sọ ọ́ lórúkọ ní wọ́ọ̀dù. Aláago. Akẹ́kọ̀ọ́ nọ́ọ̀sì ọdún kẹta ni, ó kéré lára, ó le lójú. Fóònù ni àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń wò. Òun ń wo àyà.

"Aláago, aago mélòó ló lù?"

"Aago tí ìwọ yóò lọ ṣiṣẹ́ ni."

Ọjọ́ méjì péré ló kù kí Sístà wọ́ọ̀dù fọwọ́ sí ìwé ìdánwò rẹ̀.

&nbsp;

20.

ṢÁÀTÌ. BẸ́Ẹ̀DÌ 7.
Obìnrin, ẹni ọdún 71. Aránṣọ. Iṣẹ́ abẹ ìfun, ìjẹta.

Àná, 6 ìrọ̀lẹ́ — ìgbóná 37.0 — ìlù ọkàn 84 — ìfúnpá 142/80 — èémí 20
Àná, 10 alẹ́ — ìgbóná 37.2 — ìlù ọkàn 90 — ìfúnpá 134/78 — èémí 20
Òní, 6 òwúrọ̀ — ìgbóná 37.4 — ìlù ọkàn 98 — ìfúnpá 124/72 — èémí 20
Òní, 10 òwúrọ̀ — ìgbóná 37.4 — ìlù ọkàn 106 — ìfúnpá 116/70 — èémí 20

Ẹ kà á láti òkè wá sílẹ̀. Ọkàn ń gòkè. Ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ ń sọ̀kalẹ̀. Èémí dúró bí òpó.

Ẹni tó ń mí kì í dúró bí òpó.

&nbsp;

20.

Bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyí, kì í sì í ṣe ní wọ́ọ̀dù yẹn nìkan. Ẹ̀rọ ló ń ka ìgbóná. Ẹ̀rọ ló ń ka ìfúnpá. Ẹ̀rọ kékeré kan tó ń há mọ́ ìka bí akàn ló ń ka ìlù ọkàn. Èémí kò ní ẹ̀rọ. Ènìyàn ni èémí ń fẹ́: ẹnì kan tí yóò dúró fún ìṣẹ́jú kan gbáko, tí yóò pa ẹnu mọ́, tí yóò máa wo àyà ẹlòmíràn bó ṣe ń ròkè tó ń rodò.

Bẹ́ẹ̀dì méjìdínlọ́gbọ̀n ló wà níbẹ̀. Ta ló ní ìṣẹ́jú méjìdínlọ́gbọ̀n?

Nítorí náà, wọ́n ń kọ ogún. Ogún kì í bí dókítà nínú. Ogún kì í mú kí fóònù dún. Ó dà bí ẹni tó kí ni lójú ọ̀nà tó sì bá tirẹ̀ lọ.

"Ẹni tó ń sọ̀rọ̀, ó ń mí," ni Sístà máa ń wí. "Kí lo tún fẹ́ kà? Irun orí rẹ̀?"

Wọ́n á rẹ́rìn-ín. Sístà kì í ṣe ọ̀lẹ o. Ọdún méjìdínlógún ló ti lò ní wọ́ọ̀dù náà. Iṣan tó bá sá fún gbogbo ayé, ọwọ́ Sístà ni yóò ti jáde. Aago góòlù tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ nìkan ló ti kú láti ọdún méjì. Ẹwà ló fi ń ṣe.

Èmi tí mo ń to ìwé yìí jọ náà kò kà. Ẹ ò rí i bí? Gbogbo abala ni mo pè ní 20. Ẹ fojú fò ó ná.

&nbsp;

20.

Ogún ti aago mẹ́wàá, ọwọ́ Aláago ni. Aago wà láyà rẹ̀ nígbà tó kọ ọ́.

&nbsp;

20.

(Ìwé tí a lẹ̀ mọ́ ògiri, lábẹ́ aago ńlá)

ÌKÉDE

Aago yìí ti kú. Ẹ yé é lù ú.

ẸNIKẸ́NI KÒ GBỌDỌ̀ PA NǸKAN RẸ́ NÍNÚ ṢÁÀTÌ. Bí o bá ṣèèṣì kọ, fa ìlà KAN ṢOṢO lé e, kí a ṣì lè rí ohun tó wà lábẹ́ rẹ̀. Kọ òótọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Kọ aago. Fọwọ́ sí i.

Ẹni tó jẹ oúnjẹ mi nínú fíríìjì lánàá, Ọlọ́run rí ọ.

— Sístà

&nbsp;

20.

Ohun tí ìyá àgbà máa ń kì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ rẹ̀ nígbà tí ikọ́ fée bá dì í láyà:

*Èémí, àlejò tí kì í jókòó,*
*ó wọlé, kò kí onílé,*
*ó jáde, kò dágbére,*
*ọjọ́ tí kò bá padà, ilé di ahoro.*
*Arìnrìn-àjò tí kò ní bàtà,*
*ìwọ la kọ́kọ́ gbà, ìwọ la ó dá padà kẹ́yìn.*
*Bí o bá ń rìn jẹ́jẹ́, ara tù wá.*
*Bí o bá ń sáré,*

*kí ló ń lé ọ?*

&nbsp;

20.

Aago méjìlá ọ̀sán. Aláago gbé oògùn lọ sí bẹ́ẹ̀dì keje. Ọmọbìnrin aláìsàn náà wà lórí àga lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá rẹ̀.

ALÁAGO: Ẹ káàsán, Màmá Aránṣọ. Ṣé ara ń dá?

MÀMÁ ARÁNṢỌ: Ó ku ọrùn.

ALÁAGO: Mà?

MÀMÁ ARÁNṢỌ: Mo ti ṣe apá méjèèjì. Ó ku ọrùn. (Ìka rẹ̀ méjì ń ṣa aṣọ ìbora, bí ẹni ń fa òwú yọ.) Sọ fún un kó padà wá lọ́la.

ỌMỌ RẸ̀: (ń rẹ́rìn-ín) Ẹ ò rí wọn? Wọ́n gbé wọn dé ọsibítù, iṣẹ́ tẹ̀ lé wọn wá. Wọ́n ti fẹ́rẹ̀ẹ́ rán bùláńkẹ́ẹ̀tì yín tán.

ALÁAGO: Ìgbà wo ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í rán an?

ỌMỌ RẸ̀: Bí aago mẹ́jọ àárọ̀.

ALÁAGO: Àná ńkọ́?

ỌMỌ RẸ̀: Àná kẹ̀? Àná, èmi ni wọ́n ń bá jà. Wọ́n ní mo ti sanra, wọ́n ní ta ló rán búláòsì burúkú yìí fún mi. Orí wọn pé pérépéré.

ALÁAGO: Màmá, ibo la wà yìí?

MÀMÁ ARÁNṢỌ: Ìwọ náà ò mọ̀?

ALÁAGO: Mi ò mọ̀, mà. Ẹ bá mi sọ.

MÀMÁ ARÁNṢỌ: Ṣọ́ọ̀bù ni.

(Ọmọ rẹ̀ kò rẹ́rìn-ín mọ́.)

ỌMỌ RẸ̀: Nọ́ọ̀sì, mi ò mọ bí mo ṣe fẹ́ sọ ọ́. Ìyá mi kọ́ lèyí.

&nbsp;

.

Ó fi ìka lé ọrùn ọwọ́ màmá náà, bí ẹni ń wá ìlù ọkàn. Ọgbọ́n ni. Ẹni tó bá mọ̀ pé wọ́n ń ka èémí òun, á tún un ṣe. Lẹ́yìn náà, ó gbé ojú lé àyà, ó gbé ojú lé aago.

1 &nbsp; 2 &nbsp; 3 &nbsp; 4 &nbsp; 5 &nbsp; 6 &nbsp; 7 &nbsp; 8

9 &nbsp; 10 &nbsp; 11 &nbsp; 12 &nbsp; 13 &nbsp; 14 &nbsp; 15 &nbsp; 16

(ọwọ́ aago ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ìdajì)

17 &nbsp; 18 &nbsp; 19

&nbsp;

20

&nbsp;

(kò dúró)

21 &nbsp; 22 &nbsp; 23 &nbsp; 24 &nbsp; 25 &nbsp; 26

27 &nbsp; 28 &nbsp; 29 &nbsp; 30 &nbsp; 31

32

&nbsp;

9.

Abala mẹ́jọ ti lọ. Mo padà lọ kà wọ́n ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Láti ibí lọ, nọ́ńbà tí ẹ bá rí, òótọ́ ni.

&nbsp;

10.

(Ìwé kékeré inú àpò rẹ̀. Aago 12:06.)

*Ohun tí mo rí*
èémí 32. Mo tún un kà: 34
ìlù ọkàn 118
ìfúnpá 104/62. Ti àná 142!
ọ́síjìn 94
ìtọ̀ inú àpò kò tó ife kan láti àárọ̀. Ó dúdú
ara kò gbóná. MÁ JẸ́ KÍ ÈYÍ TÀN Ọ́. Iná lè máa jó nínú àgbàlagbà kí ara rẹ̀ tutù
ó ń ráńṣọ. Ọmọ rẹ̀ ní ìyá òun kọ́

*Kí ló ń lé e?*
Irora? Mo bi í, kò sọ pé nǹkan ń dun òun.
Ẹ̀rù? Ẹni tí ẹ̀rù ń bà mọ ibi tó wà.
Oògùn irora? Èyí máa ń fa èémí sẹ́yìn ni. Kì í lé e sáré.
Ikùn. Ikùn tí a ṣí níjẹta.

*Kí ẹnikẹ́ni tó dé*
gbé orí bẹ́ẹ̀dì sókè. Ọ́síjìn. Kí nǹkan kan má kàn án lẹ́nu.
Má fi í sílẹ̀. Rán ọmọ rẹ̀ lọ pe Sístà.

&nbsp;

11.

SÍSTÀ: (ó ṣì ń jẹ nǹkan lẹ́nu) Ta ló fún wọn ní ọ́síjìn?

ALÁAGO: Èmi ni, mà.

SÍSTÀ: Ẹ kú oríire. Kí n tó jẹun tán, o ti di dókítà.

ALÁAGO: Èémí wọn jẹ́ méjìlélọ́gbọ̀n, mà. Mo tún un kà, ó di mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n.

SÍSTÀ: Ogún ni mo rí nínú ṣáàtì.

ALÁAGO: Bẹ́ẹ̀ ni, mà.

SÍSTÀ: Ara ò gbóná. Ìfúnpá ò tíì wó lulẹ̀. Aránṣọ ni wọ́n. Ọwọ́ àgbẹ̀ kì í gbàgbé ọkọ́. Ta lò ń bá jà gan-an?

ALÁAGO: Ẹ bi wọ́n ibi tí wọ́n wà, mà.

SÍSTÀ: Màmá wa! Ibo la wà?

MÀMÁ ARÁNṢỌ: Aṣọ tìrẹ ò tíì ṣe. Mo sọ pé lọ́la.

(Sístà ò jẹun mọ́. Ó wo ìka tó ń ṣa aṣọ. Ó tẹ̀ ba, ó wo àpò ìtọ̀. Nígbà tó nàró, ohùn rẹ̀ ti yí padà.)

SÍSTÀ: Pe dókítà.

ALÁAGO: Èmi, mà?

SÍSTÀ: Ojú ta ló rí i? Ẹni tó rí ejò ni yóò ké. Mo dúró tì ọ́.

&nbsp;

12.

(Lórí fóònù wọ́ọ̀dù. Okùn rẹ̀ kúrú, ó ní láti tẹ̀.)

DÓKÍTÀ: Ẹ tètè sọ, èrò pọ̀ níwájú mi.

ALÁAGO: Ẹ káàsán, sà. Akẹ́kọ̀ọ́ nọ́ọ̀sì ni mí. Bẹ́ẹ̀dì keje ni, màmá tí ẹ ṣe iṣẹ́ abẹ ìfun fún níjẹta. Wọ́n ń burú sí i. Èémí mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n, ìlù ọkàn méjìdínlọ́gọ́fà, ìfúnpá ń wálẹ̀. Orí wọn ti dàrú láti àárọ̀, ìtọ̀ ò tó nǹkan. Mo rò pé inú ikùn ni. Mo fẹ́ kí ẹ wá wò wọ́n báyìí.

DÓKÍTÀ: "Mo fẹ́."

ALÁAGO: Bẹ́ẹ̀ ni, sà.

DÓKÍTÀ: Ka èémí rẹ̀ fún mi láti àná.

ALÁAGO: Ogún.

DÓKÍTÀ: Máa kà á lọ.

ALÁAGO: Ogún. Ogún. Ogún.

DÓKÍTÀ: Ìkẹyìn jẹ́ aago mélòó?

ALÁAGO: Mẹ́wàá, sà.

DÓKÍTÀ: Ṣé o rí i? Èémí tó dúró ṣinṣin láti àná kì í fò sókè ní wákàtí méjì. Ẹ̀rù ló ń bà á, tàbí kí o ṣì í kà. Ẹ fún un ní oògùn irora, kí ẹ tún un kà ní aago méjì.

(Ó ti fẹ́ gbé fóònù sílẹ̀. Kì í ṣe ẹ̀bi rẹ̀. Ohun tí a kọ sílẹ̀ ló gbà gbọ́. Kí ni a fi ń kọ ọ́ sílẹ̀ bí kì í bá ṣe kí ẹnì kan lè gbà á gbọ́?)

ALÁAGO: Dókítà.

DÓKÍTÀ: Kí ló tún kù?

ALÁAGO: Ogún ti aago mẹ́wàá, èmi ni mo kọ ọ́. Mi ò kà á.

DÓKÍTÀ: O ní kí ni?

ALÁAGO: Mo kọ ọ́ láìkà, sà. Mi ò mọ iye tó jẹ́ ní aago mẹ́wàá. Mo mọ iye tó jẹ́ báyìí.

DÓKÍTÀ: Àwọn ogún tó kù ńkọ́?

(Sístà ń wo ilẹ̀.)

ALÁAGO: Tèmi ni mo mọ̀, sà.

(Ìró àga tí wọ́n tì sẹ́yìn.)

&nbsp;

13.

Dókítà kò rìn wá, eré ló sá.

&nbsp;

14.

Ó gbé ọwọ́ lé ikùn màmá náà, ikùn náà le bí pákó. Nígbà yẹn ni ìka màmá dẹ́kun ìránṣọ fún ìgbà àkọ́kọ́ láti àárọ̀.

Sístà ti so dírípù kan kí dókítà tó bèèrè. Ó so èkejì nígbà tó ń bèèrè. Iṣan ti sá. Ọwọ́ Sístà ló ti jáde. Wọ́n fa ẹ̀jẹ̀ fún àyẹ̀wò. Wọ́n ti oògùn tó ń pa kòkòrò sínú iṣan. Aláago di abọ́ mú, ó ń pe nọ́ńbà sókè, kò sì sí ẹni tó bi í léèrè bóyá ó kà á.

"Ibi tí mo rán níjẹta ló ń jò," ni dókítà wí, bí ẹni ń bá ara rẹ̀ sọ̀rọ̀. "A ní láti padà wọ tíátà iṣẹ́ abẹ."

Màmá Aránṣọ la ojú. Ó wò ó dáadáa, bí ọ̀gá ṣe ń wo ọmọṣẹ́.

"Tú u," ni ó wí. "Kí o tún un rán."

Ọmọ rẹ̀ fọwọ́ sí ìwé. Lẹ́nu ọ̀nà, nígbà tí wọ́n ti ń ti bẹ́ẹ̀dì lọ, ó di apá Aláago mú. "Nọ́ọ̀sì, ṣé wọ́n á padà wá?"

"Mi ò lè ṣèlérí, ẹ̀gbọ́n mi. Ohun tí mo lè sọ ni pé wọ́n ti rí ibi tó ń jò."

&nbsp;

15.

(Ní kọ̀rọ̀, lẹ́yìn kọ́bọ́ọ̀dù aṣọ bẹ́ẹ̀dì)

Olúwa, aago ni mo ní, ìwọ lo ni àkókò. Wákàtí méjì ni mo jẹ lára ti Màmá Aránṣọ, láti mẹ́wàá sí méjìlá. Má jẹ́ kó jẹ́ méjì tó kù fún un.

&nbsp;

16.

ṢÁÀTÌ. BẸ́Ẹ̀DÌ 7.

Àná, 6 ìrọ̀lẹ́ — èémí 20
Àná, 10 alẹ́ — èémí 20
Òní, 6 òwúrọ̀ — èémí 20
Òní, 10 òwúrọ̀ — èémí 2̶0̶ &nbsp; *n kò kà á. Mo ṣe àtúnṣe yìí ní aago 1:10 ọ̀sán. Akẹ́kọ̀ọ́ nọ́ọ̀sì* (ìfọwọ́sí)
Òní, 12:06 ọ̀sán — èémí 32 &nbsp; *mo kà á*

Ìlà kan ṣoṣo. A ṣì lè rí ohun tó wà lábẹ́ rẹ̀.

&nbsp;

17.

ÌWÉ ÌJÁBỌ̀

Kí ló ṣẹlẹ̀? *Mo kọ èémí tí n kò kà.*

Kí ló fà á? *B̶ẹ̶́ẹ̶̀ ̶n̶i̶ ̶a̶ ̶ṣ̶e̶ ̶ń̶ ̶ṣ̶e̶ ̶é̶.* &nbsp; *Mo rí ogún mẹ́ta lókè. Mo kọ ìkẹrin kó lè bá wọn dọ́gba.*

Kí ni ó sọnù nítorí rẹ̀? *Wákàtí méjì. Kì í ṣe tèmi.*

Kí ni wàá ṣe nígbà mìíràn? *Màá kà á.*

Ta ló kọ àwọn ogún yòókù? ______________

Ìfọwọ́sí Sístà wọ́ọ̀dù: ______________

&nbsp;

18.

ALÁAGO: Ìyá àgbà, mo ṣe nǹkan burúkú kan lónìí, mo sì ṣe nǹkan dáadáa kan.

ÌYÁ ÀGBÀ (ohùn, lórí fóònù): Èwo lo kọ́kọ́ ṣe?

ALÁAGO: Burúkú.

ÌYÁ ÀGBÀ (ohùn): O ṣeun tí o tò ó báyẹn. Àwọn tó tò ó sódì pọ̀ láyé. Ṣé o ti jẹun?

ALÁAGO: Rárá.

ÌYÁ ÀGBÀ (ohùn): Àbí ẹ ò gbọ́. Ẹni tí ebi ń pa, kí ló fẹ́ kà? Jẹun. Gbọ́ mi: aago yẹn, kì í ṣe kí àyà rẹ lè dán ni mo ṣe fi fún ọ. Òun ni mo fi ka bàbá àgbà rẹ títí ilẹ̀ fi mọ́, lọ́jọ́ tí gbogbo ilé ti ń sunkún rẹ̀ sílẹ̀. Nígbà tó jí, ó ní kí ló dé tí mò ń wo òun bí olè. Ojú rẹ kò ní fọ́ lórí ohun tó hàn. Ọwọ́ rẹ kò ní kọ ohun tí ojú rẹ kò rí. Jẹun.

&nbsp;

19.

Aago méjì ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Bẹ́ẹ̀dì keje kò sí ní àyè rẹ̀. Ilẹ̀ onígun mẹ́rin ló ṣẹ́ kù, ó mọ́ ju ilẹ̀ yòókù lọ. Ọmọ Màmá Aránṣọ jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ àyè náà. Bùláńkẹ́ẹ̀tì wà lórí itan rẹ̀. Ó ń fi ọwọ́ wá àwọn òwú tí ìyá rẹ̀ ti fà yọ, ó ń tì wọ́n padà sínú aṣọ lọ́kọ̀ọ̀kan.

Ìwé ìjábọ̀ wà lórí tábìlì Sístà. Ìwé ìdánwò Aláago wà lábẹ́ rẹ̀. Ìfọwọ́sí kò sí lórí èyíkéyìí.

Sístà kò tíì bá a sọ̀rọ̀ láti ìgbà tí fóònù ti dákẹ́.

Tíátà kò tíì pè.

&nbsp;

20.

(Mo kà á. Ogún ni lóòótọ́.)

Aago méjì tó, àkókò àyẹ̀wò pé. Lọ́jọ́ mìíràn, akẹ́kọ̀ọ́ ni ń ti kẹ̀kẹ́ ẹ̀rọ kiri. Lónìí, Sístà dìde, ó tì í fúnra rẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ láti bẹ́ẹ̀dì kẹjọ, ìyá kan tí ara rẹ̀ ti ń yá, tó ti ń bèèrè ìgbà tí òun yóò lọ sílé.

Ẹ̀rọ ka ìgbóná. Sístà kọ ọ́. Ẹ̀rọ ka ìfúnpá. Ó kọ ọ́. Akàn kékeré há mọ́ ìka, ó sọ tirẹ̀. Ó kọ ọ́.

Bírò rẹ̀ dé àyè èémí.

Ó dúró.

"Sístà, ṣé kò sí o?" ni ìyá bẹ́ẹ̀dì kẹjọ wí. "Ẹ kì í wò mí báyìí."

"Kò sí nǹkan, mà. Ẹ dákẹ́ díẹ̀ fún mi."

Ó wo àyà ìyá náà. Ó wo aago góòlù ọwọ́ rẹ̀. Ó gbé ojú sókè wo èyí tó wà lára ògiri, lókè ìkéde tí òun fúnra rẹ̀ kọ. Ó sọ bírò kalẹ̀ sórí ṣáàtì, ó na ọwọ́ sẹ́yìn láìyíjú.

"Aláago."

"Mà."

"Yá mi ní aago ẹ."